Iná òsì tó mu omi yó: àkọsílẹ̀ ọkọ̀ kan tí iná iwájú rẹ̀ ń làágùn

Ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn mẹ́rin ni, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ní àbùkù, ìyá kan ló sì ni ín. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá kò gùn. Wọ́n ní, "Iná òsì ọkọ̀ mi ti mu omi yó. Gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa, wàá rí omi tó ń mì nínú dígí." Mo gbá a pa. Òótọ́ ni.

Iná ọ̀tún náà máa ń làágùn láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó rìn jìnnà, ó ti gbẹ. Ti òsì ni kì í gbẹ mọ́. Kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, oníṣẹ́ kan ti fi sílíkóònù lẹ etí dígí náà yí po. Wọ́n ní ó gbẹ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ yẹn, àfi bí omi ṣe tún dé, tó sì pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ni mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé etí dígí ni omi ń gbà wọlé lóòótọ́, ó yẹ kí sílíkóònù dín in kù, ì báà má tilẹ̀ dá a dúró tán. Bó ṣe wá pọ̀ sí i yìí, a jẹ́ pé ibi tí wọ́n lẹ̀ pa kì í ṣe ẹnu ọ̀nà omi. Ó tilẹ̀ ṣeé ṣe kí wọ́n ti lẹ ohun tó yẹ kó wà ní ṣíṣí mọ́ ọn.

Ọmọkùnrin ìyá náà tẹ̀ lé wọn wá, òun ló sì fi ọ̀rọ̀ kejì kún un: "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni mo yọ gílóòbù tó wà níbẹ̀, tí mo fi LED sí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ dáadáa lẹ́yìn ìgbà yẹn kí omi tó bẹ̀rẹ̀." Ìyá rẹ̀ wò ó bí ẹni tó ti ń fura tipẹ́. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, ká kọ́kọ́ wò ó ná.

Ohun tí mo rí kí n tó tú u

Mo dúró síwájú ọkọ̀, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo iná méjèèjì láti ẹ̀gbẹ́. Mi ò jẹ́ fo ìwò yìí láé, torí pé bí èèyàn bá ti tú iná sílẹ̀, omi á ti ṣàn kúrò níbi tó wà, ẹ̀rí á sì ti dàrú.

Nínú iná ọ̀tún, ìkùukùu tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà ní igun òde, níbi tó jìnnà jù sí gílóòbù. Kò gba ju igun yẹn lọ, kò sì sí ẹ̀kán omi kankan. Ní ti òsì, odindi dígí ló fọ́jú. Ẹ̀kán omi ńláńlá tò sí ìdajì ìsàlẹ̀, adágún sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lára abọ́ dídán tó ń da ìmọ́lẹ̀ síwájú, mo rí ìlà mélòó kan tó tò léra wọn, irú èyí tí omi máa ń fi sílẹ̀ bó bá fà. Omi inú ibẹ̀ ti kún, ó ti fà, ó sì tún ti kún, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni àwọn èèyàn ń pè wọ́n. Ìkùukùu igun ọ̀tún kò ju bí ife omi tútù ṣe ń làágùn lórí tábìlì lọ: afẹ́fẹ́ tó gbé ọ̀rinrin dání fara kan ohun tó tutù jù ú lọ, ó sì fi omi sílẹ̀ sí i lára. Ìwé tó máa ń bá ọkọ̀ wá sábà máa ń sọ pé irú rẹ̀ kì í ṣe àbùkù lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn fífọ ọkọ̀, bó bá ti lè parẹ́ nígbà tí wọ́n bá tan iná tí wọ́n sì wa ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Adágún omi kò sí lára ohun tí ìwé yẹn ń wí.

Mo wá bóyá dígí ti sán. Dígí la ń pè é, àmọ́ ike ni, èyí tí wọ́n ń pè ní polycarbonate. Òkúta ti ta á níbì kan, àpá rẹ̀ wà lójú, ṣùgbọ́n kò wọ inú. Bí òkúta bá lu irú ike bẹ́ẹ̀ já, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì máa ń yọ lára rẹ̀ bí èèyàn bá da tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ nínú òkùnkùn. Mi ò rí ìkankan.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo sì yọ bọ́ńpà, torí pé nínú ọkọ̀ yìí, ọwọ́ kì í dé ẹ̀yìn iná dáadáa láìjẹ́ pé bọ́ńpà kúrò. Ẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wà.

Gílóòbù LED tí ọmọkùnrin yẹn fi sí i ní fáànù kékeré nídìí, fáànù náà kò sì jẹ́ kí ìdérí rọ́bà tó wà lẹ́yìn iná lè pa dé. Ó wá fi ọ̀bẹ gé ihò sí àárín ìdérí náà, ó jẹ́ kí ìdí gílóòbù yọ síta, ó sì fi fóòmù rírọ̀ dí àlàfo tó ṣẹ́ kù. Mo fún fóòmù náà ní ọwọ́, omi kán sílẹ̀. Ihò èémí méjì ló wà lẹ́yìn iná náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, rọ́bà kékeré tó ká bí ìgbọ̀nwọ́ ló sì bo ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lókè ti sọnù sábẹ́ sílíkóònù pátápátá. Oníṣẹ́ àkọ́kọ́ ti rò pé àlàfo ni. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kún fún ẹrọ̀fọ̀ gbígbẹ àti òwú aláǹtakùn. Nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ike abẹ́ mọ́gáàdì, èyí tó máa ń gba omi tí táyà bá ta sókè, ti já kúrò lára kílíìpù rẹ̀ lápá òsì, ó sì rọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Táyà kàn ń ta omi tààrà sí ẹ̀yìn iná ni.

Mo lọ wo ọ̀tún. LED kan náà, ihò kan náà nínú ìdérí, fóòmù kan náà. Ṣùgbọ́n ihò èémí méjèèjì mọ́, ike abẹ́ mọ́gáàdì sì wà ní ipò rẹ̀. Fóòmù gbẹ.

Inú mi dùn sí ọ̀tún yẹn ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Kì í sábà ṣẹlẹ̀ kí ọkọ̀ kan gbé àbùkù àti ohun tí a ó fi wọ̀n ọ́n wá pa pọ̀.

Ìṣirò omi

Ọmọkùnrin náà ti ka ibì kan pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán ló ń kóra jọ di omi nínú iná, pé kò sí ohun tí èèyàn lè ṣe sí i. Mo fi sìríǹjì fa omi inú iná òsì sínú ike oníwọ̀n, ó lé díẹ̀ ní mìlílítà 60, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 60. Ìgbà náà ni mo ní kó jókòó ká jọ ṣírò rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó ti gbé ọ̀rinrin dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ ní ìwọ̀n ooru 30°C máa ń gbé nǹkan bíi gíráàmù 30 omi nínú lítà 1000. Bó bá tutù dé 20°C, nǹkan bíi gíráàmù 17 ló lè gbé mọ́. Gíráàmù 13 ló gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ká ní iná yẹn gba lítà 10 afẹ́fẹ́, èyí tó pọ̀ fún iná ọkọ̀ kékeré. Ohun tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fi sílẹ̀ bó bá tutù bẹ́ẹ̀ kò ju gíráàmù 0.13 lọ. Ẹ̀kán omi mẹ́ta kò tíì pé nínú ìyẹn. Ó tó láti sọ igun dígí di fífọ́jú, torí omi tó tẹ́ pẹrẹsẹ kì í pọ̀ kó tó bo ojú. Kò tó láti di adágún.

Kí mìlílítà 60 tó ti inú afẹ́fẹ́ wá, gbogbo afẹ́fẹ́ inú iná ní láti pààrọ̀ pátá ní òru tó ju 400 lọ, kó sì jẹ́ afẹ́fẹ́ tó kún fún ọ̀rinrin bámú ní gbogbo òru yẹn, kí ẹyọ ẹ̀kán kan má sì gbẹ jáde lọ́sàn-án. Kò sí ibi tí irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Omi gidi ló ń wọ ibẹ̀, láti òde, bí omi.

Ìdí tí mo fi máa ń fẹ́ kí èèyàn wọn omi kó tó ra ohunkóhun nìyí. Ìkùukùu àti ẹ̀kán díẹ̀: ẹ yẹ ihò èémí wò, ẹ fi í sílẹ̀. Omi tó ṣeé fà sínú sìríǹjì: ẹ wá ọ̀nà tó gbà wọlé. Owó tí àwọn èèyàn ń ná sórí sílíkóònù fún iná tí kò ní ju ìkùukùu igun lọ ń dùn mí.

Bí iná ṣe ń mí

Ó máa ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu pé wọn kò ṣe iná iwájú ọkọ̀ kó dí pinpin. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ihò sí i. Gílóòbù H7, irú halogen kan tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ń gbóná kó tó tàn, tí wáàtì rẹ̀ sì jẹ́ 55, máa ń gbóná gan-an, afẹ́fẹ́ tó yí i ká á sì gbilẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ lítà 10 bá gbóná láti 20°C dé 60°C, ó máa ń fẹ̀ sí i ní ìwọ̀n tó ju ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìyẹn ju lítà kan lọ tó gbọ́dọ̀ jáde síbì kan. Bí wọ́n bá pa iná, tí gbogbo rẹ̀ tutù, iye yẹn náà gbọ́dọ̀ padà wọlé.

Bí ihò èémí bá ṣí, wàhálà kò sí. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde tó ń wọlé, ìgbọ̀nwọ́ rọ́bà náà sì kọ ojú sílẹ̀ kí omi má lè gba ibẹ̀ gòkè. Nínú àwọn iná mìíràn, awẹ́ funfun pẹlẹbẹ kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú ihò náà, tí àwọn ihò inú rẹ̀ kéré débi pé afẹ́fẹ́ ń kọjá ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi kò lè kọjá. Ìdí tí ihò fi sábà máa ń jẹ́ méjì, tí wọn kì í sì í wà ní ipele kan náà, ni pé afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gba tòkè jáde, èyí tó tutù á sì gba tìsàlẹ̀ wọlé, kí ìkùukùu lè tètè bá a lọ.

Bí ihò méjèèjì bá wá dí ńkọ́? Afẹ́fẹ́ á ṣì gbilẹ̀, á ṣì sún kì. Iná tó bá dí pátápátá, tó gbóná bẹ́ẹ̀ tó sì tutù, máa fa nǹkan sínú pẹ̀lú agbára tó lè gbé omi gòkè ju mítà kan lọ nínú páìpù. Kò sí iná tó dí tó bẹ́ẹ̀, torí náà ibi tó bá rọ̀ jù lọ ló máa gbà á mí. Nínú iná òsì yìí, fóòmù ni. Fóòmù náà sì kún fún omi tí táyà ta sí i.

Kò ṣe mí ní kàyéfì mọ́ pé sílíkóònù ló mú kí omi pọ̀ sí i. Ihò tòkè nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń bá iná náà mí, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pa.

Ọ̀rọ̀ LED tún wà lára rẹ̀. Halogen máa ń da ooru síwájú mọ́ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ooru yẹn ló ń gbẹ dígí. LED kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn ni ooru rẹ̀ ń gbà lọ, síbi irin tàbí fáànù tó wà nídìí rẹ̀, iwájú á sì wà ní tútù. Nítorí náà ni ìkùukùu fi máa ń pẹ́ lójú iná LED, títí kan èyí tí wọ́n fi LED ṣe láti ilé iṣẹ́. Ooru ẹ́ńjìnì ló ń mú kí iná ọkọ̀ yìí gbóná tó sì ń tutù, gílóòbù kò fi bẹ́ẹ̀ kópa níbẹ̀ mọ́.

Mo fẹ́ fi ojú rí i

Gbogbo àlàyé yìí dára létí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dá iná náà padà lórí àlàyé. Ẹlòmíì ti ṣiṣẹ́ lórí àlàyé tirẹ̀ ṣáájú mi.

Mo tú iná òsì kúrò lára ọkọ̀, mo yọ gílóòbù gbogbo, mo da omi tó ṣẹ́ kù jáde, mo sì jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ni mo lò, ní ìwọ̀n ooru tó kéré jù, mo gbé e sí ihò ẹ̀yìn láti òkèèrè, mo sì ń sinmi láàárín. Ẹ̀rọ olóoru ńlá tí wọ́n fi ń ṣí ọ̀dà kò yẹ kó sún mọ́ ibẹ̀. Ike dígí máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ní nǹkan bíi 147°C, ẹ̀rọ yẹn sì ń kọjá ìyẹn láìlágùn rárá.

Lẹ́yìn náà ni mo fi káàdì ike họ gbogbo sílíkóònù etí dígí kúrò. Ẹ má lo ọ̀bẹ, ẹ má sì da epo tàbí ohun tó ń yọ ọ̀dà sí i, ike á sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo fẹ́ kí etí dígí wà bó ṣe wà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kí n lè mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi.

Mo kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ dán an wò. Mo dá LED àti ìdérí gígé yẹn padà síbẹ̀ pẹ̀lú fóòmù rẹ̀, mo dí ihò tòkè, mo ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò tìsàlẹ̀, mo ń fi ẹnu fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọmọkùnrin náà ń fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi ọṣẹ yí etí dígí po. Ẹnu ti tó. Afẹ́fẹ́ tó ń ti inú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà jáde lè ya etí dígí tó ti wà ní pípé, èèyàn á sì wá rí àbùkù tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Etí dígí kò yọ ìfófòó kankan. Nígbà tó kun ọṣẹ sí ẹ̀yìn, fóòmù hó yéè.

Ìdánwò kejì ló yanjú ọ̀rọ̀. Mo tẹ́ bébà tó ń fa omi sínú iná, ọ̀kan lábẹ́ etí dígí tòkè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan nídìí gílóòbù, mo sì tún dá LED àti ìdérí gígé yẹn padà síbẹ̀ pẹ̀lú fóòmù rẹ̀. Mo jẹ́ kí hóòsì máa da omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí etí dígí, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí n tó kúrò lójú kan bọ́ sí òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ, torí bí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi á ṣàn kan ibi gbogbo, kò sì ní mọ ibi tó gbà wọlé. Gbogbo bébà gbẹ.

Mo wá dí ihò èémí méjèèjì bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo fi ẹ̀rọ irun mú kí iná náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ káàkiri, mo sì ń wọ́n omi sí fóòmù bó ṣe ń tutù. Bébà tó wà nídìí gílóòbù rin gbingbin, omi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sísàlẹ̀. Mo gbẹ gbogbo rẹ̀, mo tún un ṣe, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí mo ṣí ihò méjèèjì sílẹ̀. Ìdérí kan náà, fóòmù kan náà, omi kan náà. Ó kàn tutù díẹ̀ létí bébà ni.

Ọmọkùnrin náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé kì í ṣe ihò tí mo gé nìkan." Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ihò rẹ̀ ni omi gbà wọlé, àmọ́ ike tó já ló gbé omi dé ẹnu ihò, àìrí èémí ló sì fà á wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi pẹ́ lẹ́yìn tó gbé LED wọlé kí omi tó bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sì fà á tí ọ̀tún fi gbẹ.

Iṣẹ́ náà

Iṣẹ́ gan-an kò pọ̀. Mo yọ ìgbọ̀nwọ́ rọ́bà méjèèjì, mo fọ̀ wọ́n, mo fẹ́ ojú ihò wọn mọ́, mo sì dá wọn padà pẹ̀lú ẹnu wọn ní ìdojúkọ ilẹ̀. Ìdérí ẹ̀yìn tuntun ni mo fi sí iná méjèèjì. Mo fi gíríìsì sílíkóònù tẹ́ẹ́rẹ́ pa ètè rọ́bà rẹ̀ kó lè jókòó dáadáa. Gíríìsì tó ti inú epo rọ̀bì wá máa ń mú kí irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ wú. Mo tún fi ìka yí ètè rẹ̀ po lẹ́yìn tó wọlé, nítorí ìdérí tó ká níbì kan ṣoṣo lábẹ́ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí níbẹ̀ rárá, ojú kì í sì í rí i.

Gílóòbù halogen la dá padà. Ọ̀rọ̀ wà díẹ̀ lórí èyí. Ọmọkùnrin náà fẹ́ràn LED rẹ̀, ó sì ní ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun. Mo ní mi ò bá a jà lórí àwọ̀, ṣùgbọ́n abọ́ dídán iná yìí ni wọ́n ṣe fún wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú halogen, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde lára LED kò bá a dọ́gba, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ta sí ojú ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kò gbà á láàyè. Ní Jámánì, ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí irú rẹ̀, ìyẹn náà sì wà fún àwọn ọkọ̀ tí wọ́n bá dárúkọ nìkan. Ìyá rẹ̀ ló parí ọ̀rọ̀ náà: wọ́n ní àwọn kò fẹ́ ìdérí gígé lára ọkọ̀ àwọn mọ́.

Mo nu sọ́kẹ́ẹ̀tì gílóòbù, tí ẹnu wáyà rẹ̀ ti ń ní ìpẹtà àwọ̀ ewé. Mo di gílóòbù náà mú nídìí, ìka ò kan dígí rẹ̀, torí ọ̀rá ara lè mú kó jó kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Kílíìpù tuntun wọ ike abẹ́ mọ́gáàdì. Mo dá bọ́ńpà padà, mo sì gbé ọkọ̀ dojú kọ ògiri láti tún ìdojúkọ iná ṣe, nítorí iná tí wọ́n bá ti tú kì í sábà padà sí ojú kan náà.

Mi ò fi sílíkóònù kankan sí etí dígí. Kò jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ̀bi, èyí tí kì í yọ òórùn ọtí kíkan nígbà tó bá ń gbẹ ni mo máa lò. Ásíìdì inú èyí tó ń rùn bẹ́ẹ̀ lè ba abọ́ dídán jẹ́, nítorí awọ alumíníọ́mù tó wà lójú abọ́ yẹn tín-ín-rín kọjá sísọ. Tàbí kí n fi ooru rọ gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ nílé iṣẹ́, kí n ya dígí kúrò, kí n sì tún un lẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan gbáko nìyẹn, kò sì ṣeé ṣe fún gbogbo iná, torí àwọn mìíràn ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù tí kì í rọ̀ lẹ̀ pa.

Wọ́n bi mí nípa ohun méjì tí wọ́n ti gbọ́. Èkíní ni kí wọ́n fi dírìílì lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ iná kí omi lè máa ṣàn jáde. Omi á ṣàn jáde lóòótọ́. Eruku, ẹrọ̀fọ̀ àti omi táyà á sì máa gba ibẹ̀ wọlé, ihò yẹn kò ní rọ́bà tó kọ ojú sílẹ̀ bí ti ilé iṣẹ́. Mo ti rí iná tí ihò bẹ́ẹ̀ sọ di kòtò ẹrọ̀fọ̀. Èkejì ni àpò kékeré silica gel, àwọn hóró tó máa ń fa ọ̀rinrin. Ó wúlò: mo fi díẹ̀ sínú iná náà mọ́jú kí n tó pa á dé, ó sì fa ọ̀rinrin tó ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n mo yọ ọ́ kí n tó dé e. Nínú iná tó ń mí, gbogbo afẹ́fẹ́ tuntun ló máa ń gbé ọ̀rinrin wá bá a, láìpẹ́ á yó, á sì di ẹrù lásán tó lè yí lọ kan gílóòbù gbígbóná.

Ohun kan wà tí mi ò lè tún ṣe. Awọ abọ́ dídán ti ṣí díẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí adágún wà, àpá funfun sì wà lójú rẹ̀. Ìyá náà ní kí n fi aṣọ nù ún. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká fi í sílẹ̀, torí bí aṣọ bá kàn án, ìdá tó ṣẹ́ kù á bá aṣọ lọ. Inú dígí náà kò ṣeé nù. Wọ́n sábà máa ń fi ohun tí kì í jẹ́ kí ìkùukùu tètè mú un kùn ún nínú, bí ọwọ́ tàbí ọtí bá kàn án, ìlà ìlà ló máa dà.

Lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀

Wọ́n gbé e padà wá lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ dáadáa, bí mo ṣe ní kí wọ́n ṣe. Mo tún fi tọ́ọ̀ṣì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ìkùukùu tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní igun òde iná òsì, irú rẹ̀ gan-an wà ní igun òde iná ọ̀tún. A tan iná méjèèjì, ẹ́ńjìnì sì ń ṣiṣẹ́. Èyí tó wà lára dígí parẹ́ láti ọ̀dọ̀ gílóòbù lọ sí igun, òsì àti ọ̀tún jọ ń ṣe é. Ìsàlẹ̀ gbẹ.

Ìyá náà ní, "Ṣé kò wá ní padà wá mọ́ báyìí?" Mo ní, "Mà, ìkùukùu á máa wá, ẹ má jẹ́ kó kó yín láyà sókè. Omi tó ń mì ni kò gbọ́dọ̀ wá. Bí ẹ bá tún rí i, kí ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni, ẹ yí táyà òsì síta, kí ẹ wo ike abẹ́ mọ́gáàdì bóyá ó ṣì wà ní ipò rẹ̀."

Fífọ ọkọ̀ ló kù tí mo bá wọn sọ. Àwọn tó ń fọ̀ ọ́ máa ń ki ẹnu ẹ̀rọ omi alágbára sí ẹ̀yìn iná bí wọ́n bá ń fọ ẹ́ńjìnì, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì gbóná. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tutù ná, kí ẹnu ẹ̀rọ náà sì jìnnà sí ẹ̀yìn iná àti etí dígí. Ọmọkùnrin náà kọ ọ́ sínú fóònù rẹ̀, ó sì béèrè bóyá òun lè gbé ìdérí gígé méjì yẹn lọ sílé. Mo kó o fún un.